Pákó ìrókò ń dúdú, mansonia ń ṣí: kí ni oòrùn ń fi igi ṣe?

IléTuntun_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà àti ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa igi. Ọ̀ràn kan ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé mi. Nígbà tí a ń kọ́lé, ìrókò la fi ṣe ilẹ̀kùn àti pákó ara ògiri pálọ̀, mansonia la fi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù gígùn tí tẹlifíṣọ̀n wà lórí rẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn ni fèrèsé pálọ̀ náà kọjú sí, ó sì fẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kó wọlé, ìrókò pọ́n rúsúrúsú, mansonia dúdú pẹ̀lú àwọ̀ àlùkò díẹ̀ lára rẹ̀, ó wu gbogbo èèyàn. Ní báyìí, ìrókò ti ṣókùnkùn. Mansonia ní tirẹ̀ ti ṣí, pàápàá lápá ibi fèrèsé, ó wá rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì púpọ̀ sí.

Lánàá la gbé fọ́tò ìgbéyàwó wa kúrò lára ògiri. Ojú ibi tó wà hàn ketekete, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ṣì pọ́n bíi ti ọjọ́ tí wọ́n kàn án. Ìyàwó mi ní káfíńtà ti lọ fi igi olówó pọ́ọ́kú kún igi tí a sanwó fún. Káfíńtà ń búra pé òun ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́? Kí sì ni àtúnṣe rẹ̀? Géètì onípákó tó wà níwájú ilé náà tún ti ń di àwọ̀ eérú.

Gẹdú_Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ ìyàwó yín. Ojú fọ́tò yẹn gan-an ló ń gbèjà káfíńtà. Pákó kan ṣoṣo ni: ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé ṣókùnkùn, ibi tí fọ́tò bò dúró bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ pé ó pààrọ̀ igi ni, etí pákó ni ìyàtọ̀ náà ì bá tẹ̀ lé, kì í ṣe etí fọ́tò.

Pákó ni mò ń tà. Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà fi ń ra igi, ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn, torí àwọ̀ tí igi ní lọ́jọ́ tí wọ́n là á kọ́ ló máa bá a kalẹ́. Ìrókò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ayùn, yẹ́lò ni. Tó bá wà níta fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti ń di àwọ̀ wúrà, lẹ́yìn náà ló ń di àwọ̀ ilẹ̀. Àwọn kan á dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á nawọ́ sí èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀, wọ́n á ní, "Èyí kì í ṣe ìrókò." Màá mú ìfági, màá bó o lójú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yẹ́lò á yọ lábẹ́, kò ní sí àríyànjiyàn mọ́.

Igi kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀gànwó, tí ẹ̀yin ń pè ní mahogany, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, bó ṣe ń rí ìmọ́lẹ̀ ni pupa rẹ̀ ń jinlẹ̀ sí i. Apá náà ń ṣókùnkùn. Òpèpè ń ti yẹ́lò lọ sí àwọ̀ ọsàn. Arère tó funfun ń di yẹ́lò. Mansonia nìkan ló ń rìn sẹ́yìn láàárín wọn. Ṣùgbọ́n igi osùn ló ń dun àwọn èèyàn jù. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, pupa rẹ̀ tó mọ́ àwọ̀ ọsàn yẹn á jẹ́ kí èèyàn rò pé wọ́n kùn ún ni. Ẹ gbé e sójú fèrèsé fún oṣù díẹ̀, ó ti di àwọ̀ ilẹ̀. Mo ní oníbàárà tó fẹ́ gba owó rẹ̀ padà nítorí èyí.

Ti tíìkì tún yàtọ̀. Tí ẹ bá fá a tuntun, ẹ ó rí ìlà dúdú-dúdú àti àwọ̀ ewéko lára rẹ̀, ó rí wúruwùru, àwọn èèyàn á ní kò dára. Ẹ ṣáà gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀. Gbogbo wúruwùru náà á pòórá, ó máa di àwọ̀ wúrà kan náà látòkè délẹ̀.

Kẹ́mísírì_Ọ̀yọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdí rẹ̀ kún un. Ohun mẹ́ta inú igi ló kan ọ̀rọ̀ yìí. Ìkíní ni cellulose, fọ́nrán tó jẹ́ ara igi gan-an, tí kò ní àwọ̀ kankan. Ìkejì ni lignin, tó lẹ àwọn fọ́nrán náà mọ́ra tó sì mú kí igi le. Ìkẹta ni àwọn èròjà kéékèèké tí igi ń kó pamọ́ sí àárín rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Àwọn wọ̀nyí ló ń fún igi ní àwọ̀ àti òórùn, àwọn ló sì ń lé kòkòrò. Ìdí nìyẹn tí apá funfun tó wà nítòsí èèpo kì í fi ní àwọ̀ bíi ti àárín, tí kòkòrò fi ń tètè jẹ ẹ́.

Lignin ni ìtànṣán UV ń bá jà jù. UV ni apá ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú wa ò lè rí; èyí tó ń dé ilẹ̀ wà láàárín nǹkan bíi 295 sí 400 nanometer, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀. Kò pọ̀ rárá nínú gbogbo ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ tó láti já ìsopọ̀ inú lignin. Ibi tó bá já, oxygen inú afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́, lára ohun tó sì máa ń tibẹ̀ jáde ni èròjà tí wọ́n ń pè ní quinone. Quinone ní àwọ̀, láti yẹ́lò títí dé àwọ̀ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni igi tó funfun ṣe ń pọ́n, tí èyí tó pọ́n ń ṣókùnkùn.

Nígbà kan náà, ìmọ́lẹ̀ yìí tún ń tú àwọ̀ tí igi ti ní tẹ́lẹ̀ ká. Santalin ló ń fún osùn ní pupa rẹ̀. Nínú mansonia, àwọn èròjà kan wà tí wọ́n sọ lórúkọ igi náà, mansonone, tí àwọn fúnra wọn jẹ́ quinone. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ba irú èròjà bẹ́ẹ̀ jẹ́, àwọ̀ wọn á lọ. Iṣẹ́ méjì ni oòrùn ń ṣe lórí pákó kan náà nígbà náà: ó ń dá àwọ̀ tuntun, ó ń pa ti àtijọ́. Èyí tó bá yára jù ni ojú wa ń rí. Lára ìrókò, àwọ̀ tuntun ló borí. Lára mansonia, pípa ló borí.

Ohun tó yẹ kó fi IléTuntun lọ́kàn balẹ̀ nìyí: ojú ara igi lásán ni gbogbo rẹ̀. UV kì í wọ inú igi kọjá nǹkan bíi micrometer 75; ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kì í kọjá nǹkan bíi 200. Micrometer 1,000 ló wà nínú mílímítà kan ṣoṣo. Igi tí ẹ sanwó fún ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ tó ní lọ́jọ́ kìíní.

IléTuntun_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka èyí fún ìyàwó mi, ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n òun ò tíì gbà. Ìbéèrè rẹ̀ rèé: gíláàsì ló wà lójú gbogbo fèrèsé wa. Ṣebí gíláàsì ń dí UV?

Kẹ́mísírì_Ọ̀yọ́

Ìyàwó yín mọ ìbéèrè í bi. Gíláàsì fèrèsé lásán ń dí UVB, apá UV tó ń jó awọ ara, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i tán. Ṣùgbọ́n UVA, tó wà láàárín nǹkan bíi 320 sí 400, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń kọjá, pàápàá èyí tó ju 350 lọ. Èyí tó wọlé yẹn tó pákó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ojú ń rí náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, àgàgà lára igi tó ń ṣí. Ìdí nìyẹn tí fíìmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé, àní èyí tó ń dí ìdá 99 nínú 100 UV, kò fi lè dá àyípadà dúró. Ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Nínú pálọ̀ tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kọ́tíìnì tó nípọn tí ẹ fà dé láti aago méjì ọ̀sán á ṣe yín láǹfààní ju fíìmù olówó ńlá lọ, lójú tèmi.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ìyàwó yín fojú ara rẹ̀ rí i, ẹ gba àjákù ìrókò àti ti mansonia lọ́wọ́ káfíńtà. Ẹ fá a lójú kí igi tuntun yọ. Ẹ fi fóìlì tí wọ́n fi ń di oúnjẹ wé ìdajì rẹ̀ pinpin, ẹ gbé e sójú fèrèsé. Ẹ fi àjákù mìíràn sínú dúrọ́ọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀. Ẹ kọ déètì sẹ́yìn gbogbo wọn. Tó bá pé oṣù kan, ẹ tú fóìlì, ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti inú dúrọ́ọ̀ lè ti yí díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ nìkan náà ń ṣe nǹkan sí igi, ṣùgbọ́n ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni nípa èyí tó wà lójú fèrèsé.

Ìyá_Dámilọ́lá_Peckham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti London o. Tábìlì àtijọ́ ni mò ń tún ṣe tà níbí, ìrókò ló sì pọ̀ jù nínú ọjà mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Láyé ọjọ́un, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ìrókò tàbí tíìkì ṣe orí tábìlì yàrá sáyẹ́ǹsì wọn, torí omi àti kẹ́míkà kì í tètè bà á jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń tún ilé ẹ̀kọ́ kọ́, wọ́n ń tú wọn tà. Tí mo bá gbà á, ó ti ṣókùnkùn gan-an, ihò tí páìpù gáàsì gbà wà lára rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n fi kọ́ńpáàsì fín sórí rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣingọ́ọ̀mù gbígbẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Màá fi sáńpépà 80 bẹ̀rẹ̀. Kí n tó dé 120, yẹ́lò ti yọ. Oníbàárà tó bá dé lọ́jọ́ náà á fẹ́ràn yẹ́lò yẹn. Èyí tó ti rí fọ́tò rẹ̀ kí n tó fá a á ní èyí tó ṣókùnkùn lòun fẹ́. Àwọn méjèèjì ni mò ń kọ ọ́ sínú ríṣíìtì fún pé àwọ̀ yìí máa ṣókùnkùn, kí wọ́n má sì gbé fáàsì tàbí rédíò sójú kan lórí rẹ̀ ní oṣù bíi mélòó kan àkọ́kọ́. Àsìkò yẹn ló ń yára yí jù. Tó bá ti jinlẹ̀ tán, ohun tí wọ́n bá gbé lé e ò ní fi bẹ́ẹ̀ ya ojú mọ́.

Mo tún fẹ́ sọ èyí fún ẹ̀yin tó wà nílé: tábìlì tí mo bá tà nígbà òtútù kì í tètè yí. Ní December níbí, ìwọ̀n agbára UV (UV index) kì í sábà ju 1 lọ. Lọ́dọ̀ yín, lọ́sàn-án ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ó máa ń ju 10 lọ. Tí ẹ bá rí i kà lára agolo vánìṣì tó ti òkè òkun wá pé ọdún báyìí-báyìí ló máa lò, oòrùn tiwọn ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀.

Vánìṣì_Ló_Parí_Ẹ̀

Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ ra vánìṣì tó ń dán, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tán. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà.

Káfíńtà_Ìjẹ̀bú

Àbúrò mi, inú ilé ni ilẹ̀kùn bàbá yín wà, mo lè fi owó ta á. Níta, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́.

Vánìṣì tí kò ní àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Omi ló ń dí, kì í dí UV. Nítorí náà abẹ́ vánìṣì gan-an ni lignin ti ń bàjẹ́, kí vánìṣì fúnra rẹ̀ tó bàjẹ́. Tí ojú igi bá ti di ẹlẹgẹ́ báyẹn, vánìṣì ò ní ibi tó máa dì mú mọ́. Ẹ wo ilẹ̀kùn ìta tí wọ́n kùn ní vánìṣì dídán: ó máa kọ́kọ́ là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á wá máa bó ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Tí ẹ bá mú ìkan nínú ohun tó bó náà tí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ẹ ó rí fọ́nrán igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Vánìṣì ò já. Igi ló já lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn vánìṣì kan wà tí wọ́n fi èròjà tó ń gba UV mu sí nínú. Tí ẹ bá rí ojúlówó, ó sàn, owó rẹ̀ sì ga, ṣùgbọ́n èròjà náà ń tán díẹ̀díẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa tún un kùn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ẹ má dúró dìgbà tó bá bó. Ohun tó ń dí UV jù ni àwọ̀, ìyẹn ìyẹ̀fun àwọ̀ tó wà nínú ọ̀dà. Ọ̀dà lásán ló ṣáájú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ọ̀dà bo ìrókò? Fún ẹni tó ṣì fẹ́ máa rí ojú igi, ẹ wá èyí tó ní àwọ̀ díẹ̀ nínú, èyí tó pọ́n tàbí tó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, tí ìlà igi á ṣì máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹ̀fun ìpáta irin ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó ń dí UV dáadáa.

Fún ti inú ilé, ẹ ṣọ́ra fún vánìṣì olóròró. Òun fúnra rẹ̀ ń pọ́n bó ṣe ń pẹ́. Lórí ìrókò, kò burú. Lórí arère tàbí afàrà tí ẹ fẹ́ kó funfun, á bà á jẹ́. Èyí tí wọ́n fi omi pò ló dára fún irú wọn.

Àti èyí, tí ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ò mọ̀: ìrókò àti tíìkì ní èròjà nínú ara wọn tí kì í jẹ́ kí vánìṣì olóròró tètè gbẹ. Ẹ fi tínà nu ojú rẹ̀, kó gbẹ, kí ẹ sì kùn ún lọ́jọ́ náà.

Agbẹ́gilére

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Àwa agbẹ́gilére mọ èyí tipẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé a ò pè é ní UV. Ẹni tó bá ń tún dùndún ṣe á rí i: tí ẹ bá tú ọsán kúrò lára ìlù tó ti pẹ́, igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ní ìlà-ìlà, ibi tí awọ ọsán bò fẹ́ẹ́rẹ́, àárín wọn ṣókùnkùn. Bóyá apá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ tàbí ọmọ̀, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ má pe gbogbo rẹ̀ ní iṣẹ́ oòrùn o. Ọwọ́ tó ń dì í mú, òróró ara, èéfín ilé, gbogbo wọn ló ń dá kún àwọ̀ igi. Ère tó wà nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé náà ń dúdú.

Ohun tí Káfíńtà_Ìjẹ̀bú sọ nípa ọ̀dà tọ̀nà. Ilẹ̀kùn tí Olówè Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkéré, tó wà ní British Museum láti 1924, ọ̀dà wà lára rẹ̀. Kì í ṣe nítorí UV ló ṣe kùn ún, ẹwà ló ń wá, àmọ́ ibi tí ọ̀dà bá bo igi, ìtànṣán kì í dé ibẹ̀.

Lórí igi osùn, ìmọ̀ràn tèmi yàtọ̀ sí tiyín. Ẹ má fi owó ṣòfò láti gbà á lọ́wọ́ oòrùn. Àwọ̀ ilẹ̀ tó ń di yẹn náà lẹ́wà. Ẹni tó bá fẹ́ pupa tí kì í lọ, kó ra ọ̀dà.

Gẹdú_Bódìjà

Bàbá, ẹ ti lé oníbàárà mi lọ o! 😂

ỌmọYorùbá_Salvador

Ẹ kú àṣálẹ́ láti Brazil. Igi kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní pau-roxo, ìtumọ̀ èyí tí ẹ lè fojú inú wò tí ẹ bá ti rí i: àlùkò ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, kò ní àwọ̀ àlùkò rárá, ó kàn rí bálabàla, láàárín àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ eérú. Afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ló ń mú àlùkò náà jáde. Tó bá wá pẹ́ jù lábẹ́ UV, ó ń padà ṣókùnkùn di àwọ̀ ilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ló fún un, òun ló tún gbà á.

Jatobá tí wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀ yàrá ní tirẹ̀ ń ti pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí pupa tó jinlẹ̀, ó ń yára. Ẹni tó bá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n parí iṣẹ́, á rí ojú kápẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tó bá ká a. Àwọn tó ń ṣe ilẹ̀ yàrá níbí máa ń bẹ onílé kó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ lófìfo fún ìgbà díẹ̀, onílé kì í gbọ́.

IléTuntun_Ìbàdàn

Ìyàwó mi ti gbà. Fóìlì kọ́ ló mú un gbà; nígbà tó rí i pé abẹ́ aago ògiri náà ní ojú róbótó ni. Mo ti pe káfíńtà, mo ti bẹ̀ ẹ́.

Ó ku àtúnṣe. Ojú fọ́tò ńkọ́? Kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́? Àti géètì: ohun tó ń yà mí lẹ́nu nípa géètì ni pé òkè rẹ̀, níbi tí òrùlé bò, kò di àwọ̀ eérú. Ó di àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn. Ìsàlẹ̀ tí òjò ń pa nìkan ló di eérú. Oòrùn sì ń pa méjèèjì.

Kẹ́mísírì_Ọ̀yọ́

Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín. UV ń sọ lignin di èròjà tó lè yòrò nínú omi. Lókè, kò sí omi tó máa fọ̀ ọ́ lọ, nítorí náà àwọ̀ ilẹ̀ náà dúró síbẹ̀. Nísàlẹ̀, òjò ń ṣàn án lọ, cellulose tí kò ní àwọ̀ ló ṣẹ́ kù, ìyẹn ni àwọ̀ eérú tí ẹ ń rí. Tí ẹ bá tún rí àmì dúdú tóótòòtóó nínú eérú náà, èbu ni, ó ń rí ohun jẹ lórí igi tó ti rọ̀. Nígbà tí òjò bá ti fọ ìyẹn lọ, igi tuntun á tún yọ síta fún oòrùn, bó ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lọ́ra ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún, mílímítà bíi mélòó kan ni. Eérú ò sọ pé géètì fẹ́ wó.

Káfíńtà_Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n, ó dára tí ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ojú fọ́tò: ẹ má ṣe ohunkóhun sí i. Ìrókò ni, ó ń ṣókùnkùn, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìgbé nǹkan bò ó, á lé ìyókù bá. Kò ní gba ọdún. Tí ẹ ò bá lè dúró, ẹ ní láti fá gbogbo ògiri náà, nígbà yẹn gbogbo rẹ̀ á padà di yẹ́lò, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi àwọ̀ kun ojú fọ́tò nìkan kó lè bá ìyókù mu. Ibẹ̀ ṣì máa ṣókùnkùn sí i lábẹ́ àwọ̀ náà, á wá dúdú ju ìyókù lọ.

Kọ́bọ́ọ̀dù mansonia: èyí ò ní bọ̀ sípò fúnra rẹ̀, ohun tó ti ṣí ti ṣí. Ẹ bó vánìṣì rẹ̀, ẹ fi sáńpépà fá a níwọ̀nba títí àwọ̀ ìsàlẹ̀ á fi yọ. Kò jìn. Tó bá jẹ́ pé féníà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó mìíràn, ẹ fi ọwọ́ fá a, ẹ má gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn, kó má bàa já. Ẹ bo imú àti ẹnu yín dáadáa, eruku mansonia burú, ó ń mú èèyàn sín títí, ó sì ń yun àwọn kan lára. Tí ẹ bá ti fá a tán, ẹ fi àwọ̀ tó sún mọ́ tirẹ̀ kùn ún, lẹ́yìn náà vánìṣì tó ń gba UV mu. Àwọ̀ tí ẹ kùn yẹn ni ẹ ó máa rí nígbà tí igi bá ń ṣí lábẹ́. Mansonia tí a fẹ́ kó dúdú láìkùn ún, kí wọ́n gbé e jìnnà sí fèrèsé. Èmi ò bá ti fi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù sójú ìwọ̀ oòrùn rárá, ṣùgbọ́n ìyẹn ti kọjá.

Géètì: ẹ pinnu ohun tí ẹ fẹ́. Tí eérú bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí èbu má gbà á, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn kan ń sanwó fún eérú yẹn nílùú òyìnbó. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ ilẹ̀ padà, ẹ fá eérú kúrò títí igi tó le á fi yọ. Ẹ má kùn ún lórí eérú o, fọ́nrán tó ti tú ni, kò ní di ohunkóhun mú. Ẹ wá fi èyí tó ní àwọ̀ nínú kùn ún, tibi orí pákó pẹ̀lú, níbi tí omi ti ń wọlé.

Ẹ̀yin káfíńtà bíi tèmi: kí ẹ tó tò pákó pọ̀, ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń dé dáadáa, kì í ṣe inú oòrùn ganrínganrín tó máa là á, ẹ máa yí i, kí gbogbo ojú rẹ̀ lè mú àwọ̀ dọ́gba. Tí ẹ bá to pákó léra wọn ní ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀kan bò ju ìkejì lọ, ìlà máa wà níbi tí ọ̀kan parí sí, ìlà yẹn á tẹ̀ lé yín dé ilé oníbàárà.

Akọ́lé_Ìkòròdú

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí tó tán. Lára ìdígbò tí mo fi ṣe àjà ìta, dúdú-dúdú kan yí orí ìṣó ká, ó ń ṣàn sísàlẹ̀. UV náà ni?

Kẹ́mísírì_Ọ̀yọ́

Rárá o. Irin ni. Ìdígbò ní tannin púpọ̀, tí omi bá pàdé irin lára rẹ̀, àwọ̀ dúdú tó mọ́ búlúù á jáde. Sáńpépà nìkan ò ní wò ó sàn, torí ó wọ inú jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì tún padà bí ìṣó náà bá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fa ìṣó náà yọ, ẹ fi ìṣó tí kì í dípàtá rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó ronú nípa àwọ̀. Ohun yẹ́lò tó ń jáde lára ìdígbò tí òjò bá pa á, èròjà igi náà ni, ó ń kun aṣọ, ẹ má sá aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀.